Kò Sí, Kì í Ṣe, Ó Lè Jẹ́ Èyíkéyìí: Ìtàn Àlàfo Òfìfo láti Berlin dé Hamburg

Bí olùkọ́ ìṣirò bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá nọ́ńbà tí yóò di márùn-ún nígbà tí a bá fi òdo sọ ọ́ di púpọ̀, ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní kí ó wá èyí tí yóò di òdo nígbà tí a bá fi òdo sọ ọ́ di púpọ̀, ìdáhùn ti yàtọ̀: nọ́ńbà yòówù ló lè jẹ́ ẹ. Bí ó bá wá ní kí ó fi ẹja pín mẹ́ta ńkọ́? Níbí yìí, kì í ṣe ìdáhùn ló sọnù. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ni kì í ṣe ìbéèrè. Èdè Yorùbá kò da àwọn ìdáhùn mẹ́ta wọ̀nyí pọ̀. "Kò sí" ń sọ pé a wá nǹkan dé ibi tí ó yẹ kí ó wà, a kò sì bá a níbẹ̀. "Ó lè jẹ́ èyíkéyìí" ń sọ pé a kò rí ohun kankan yọ sílẹ̀. "Kì í ṣe" ń sọ pé ohun tí ó wà níwájú ẹni kì í ṣe irú ohun tí a fi orúkọ pè é.

A kò dá ìyàtọ̀ yìí mọ́ ẹ̀rọ ìṣirò. Àwọn ènìyàn ló kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún 1941 sí ọdún 2015, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà sì wáyé ní ilẹ̀ Jámánì. Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìtàn náà láti ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Berlin, níbi tí gílóòbù ti ń tàn nígbà tí ìṣirò bá di aláìnítumọ̀, dé yunifásítì kan ní Hamburg, títí dé ìlànà àjùmọ̀lò tí àjọ IEEE fọwọ́ sí ní ọdún 2015. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé àríyànjiyàn inú ìtàn náà kò dá lórí ohun tí ìdáhùn jẹ́ nìkan. Ó dá lórí ẹni tí ó yẹ kí ẹ̀rọ sọ fún nígbà tí kò bá sí ìdáhùn, àti ohun tí ẹni náà lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe.

Gílóòbù Konrad Zuse

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1941, ní òpópónà Methfesselstraße ní Kreuzberg, Berlin, Konrad Zuse fi ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó pè ní Z3 han àwọn onímọ̀ díẹ̀. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìrìnnà òfuurufú ti Jámánì sì wà lára àwọn tí ó fi owó ràn án lọ́wọ́. Zuse kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé kíkọ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàálù Henschel, ìṣirò gígùn tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe níbẹ̀ sì ti sú u. Z3 ní nǹkan bí 2,000 reléè, ìyẹn swíìsì tí iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ń ṣí tí ó sì ń tì. Ó lè rántí nọ́ńbà 64, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gba ẹyọ 22 tí ó jẹ́ 0 tàbí 1.

Ọ̀nà ìkọnọ́ńbà tí Zuse lò ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní floating-point: a kọ àwọn ẹyọ nọ́ńbà sí ibì kan, a sì kọ iye ìgbà tí a ó fi ṣí àmì ìdá sí òsì tàbí sí ọ̀tún sí ibòmíràn. Ó ṣàkíyèsí pé bí a bá ń kọ gbogbo nọ́ńbà kí ẹyọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lè máa jẹ́ 1, kò sí ìdí láti tọ́jú 1 náà mọ́, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọgbọ́n yìí dín àyè kù, ṣùgbọ́n ó ní gbèsè tirẹ̀. Nọ́ńbà tí ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 kò lè jẹ́ òdo láéláé. Nítorí náà Zuse ya àmì méjì sọ́tọ̀: nígbà tí iye ìṣípò bá jẹ́ −64, òdo ni nọ́ńbà náà, nígbà tí ó bá jẹ́ 63, àìlópin ni.

Ìgbà tí òdo àti àìlópin ti wọlé ni wàhálà dé. A lè fi òdo pín 5 kí ẹ̀rọ náà sọ pé àìlópin ni. Ṣùgbọ́n kí ni òdo tí a fi òdo pín? Kí ni àìlópin tí a yọ kúrò nínú àìlópin, tàbí èyí tí a fi àìlópin pín, tàbí èyí tí a fi òdo sọ di púpọ̀? Z3 dá gbogbo wọn mọ̀. Kò sọ pé òun mọ ìdáhùn, kò sì fi nọ́ńbà irọ́ dípò rẹ̀. Gílóòbù kan tàn, ẹ̀rọ náà sì dúró. Raúl Rojas, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Freie Universität ní Berlin, ni ó ṣe àlàyé kíkún nípa ètò inú Z1 àti Z3 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì hàn gbangba nínú rẹ̀ pé Zuse ti ronú sí ọ̀ràn yìí kí ẹlòmíràn tó kọ́ kọ̀ǹpútà tí yóò mú un le.

Ẹni tí Zuse sọ fún ni ènìyàn tí ó dúró ti ẹ̀rọ. Ìdáhùn yìí mọ́gbọ́n wá fún ìgbà rẹ̀: ẹ̀rọ náà lọ́ra, ẹnì kan sì ń wò ó. Àdó olóró tí wọ́n jù sí Berlin ní oṣù Kejìlá ọdún 1943 ba Z3 jẹ́. Èyí tí ó wà ní Deutsches Museum ní Munich lónìí jẹ́ àtúnkọ́ tí Zuse fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ sí.

Nọ́ńbà tí kì í ṣe nọ́ńbà

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àìmọye ìṣirò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí ẹni tí ó lè dúró ti gílóòbù mọ́. Bí ẹ̀rọ bá ní láti dúró ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣirò bá di aláìnítumọ̀, iṣẹ́ kò ní í parí. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wá ń ṣe tirẹ̀ ní ọ̀tọ̀, ètò tí ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan a sì máa ṣìnà lórí òmíràn. Ìlànà IEEE 754 tí ó jáde ní ọdún 1985, tí William Kahan ti Yunifásítì California ní Berkeley jẹ́ òpómúléró rẹ̀, fi òpin sí ìdàrúdàpọ̀ náà. Ó gba àìlópin wọlé. Ó tún dá ohun tuntun kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NaN, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí "kì í ṣe nọ́ńbà". Òdo tí a fi òdo pín di NaN. Ohunkóhun tí a bá ròpọ̀ mọ́ NaN náà di NaN, gẹ́gẹ́ bí aró tí ó kán sínú omi. NaN kò tilẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀, nítorí pé a kò lè sọ pé ohun méjì tí a kò mọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹni tí ìlànà yìí sọ fún kì í ṣe ènìyàn mọ́. Ìṣirò tí ó kàn ni. Àsíá kan tún dìde nínú ẹ̀rọ, kí ètò tí ó bá fẹ́ lè wò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó fi dandan lé e pé kí ó wò ó.

Ewu tí ó wà nínú àìgbọ́ ìkìlọ̀ hàn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Kourou ní French Guiana. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n mú láti ara Ariane 4 gbìyànjú láti kó nọ́ńbà kan tí ó gba ẹyọ 64 sínú àyè tí ó gba ẹyọ 16. Nọ́ńbà náà tóbi jù. Ẹ̀rọ ìtọ́sọ́nà kejì tí ó wà ní ìmúrasílẹ̀ dákẹ́, àkọ́kọ́ náà tẹ̀ lé e, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti sọ àbùkù ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àgbà rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ka iṣẹ́ yẹn bí ẹni pé ìròyìn ìrìn ni, ó yí ẹnu ẹ̀rọ padà láti tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan sọ pé "èyí kì í ṣe nọ́ńbà", èkejì sì gbọ́ nọ́ńbà.

Láàárín ààlà méjì

Ọ̀nà mìíràn wà láti bá ẹ̀rọ tí kò pé lò. Dípò kí ó sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó lè jẹ́ irọ́ díẹ̀, kí ó sọ ààlà méjì tí òtítọ́ wà láàárín wọn. Èdè Yorùbá mọ ọ̀nà yìí dáadáa: "ó lé ní ogún, kò tó ọgbọ̀n" kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ ibi tí ìmọ̀ òun dé ni. Archimedes ti ṣe é ní ayé àtijọ́ nígbà tí ó fi hàn pé iye tí àyíká òbìrìkítí fi pọ̀ ju ìbú rẹ̀ lọ kò tó 3 àti 1/7, ó sì lé ní 3 àti 10/71. Ní ọ̀rúndún ogún, Mieczysław Warmus kọ nípa rẹ̀ ní Poland ní 1956, Teruo Sunaga ní Japan ní 1958, Ramon Moore sì fi ṣe iṣẹ́ oyè dókítà rẹ̀ ní Stanford ní 1962. Ìwé Moore tí ó jáde ní 1966 ni ó sọ ìṣirò alálàfo di ẹ̀ka ìmọ̀. Kò pẹ́ tí Karlsruhe ní Jámánì fi di ojúkò iṣẹ́ náà: níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹ èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà ALGOL 60 lójú ní ìparí àwọn ọdún 1960 kí ó lè gba àlàfo, ibẹ̀ náà sì ni Ulrich Kulisch ti kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò gbé iṣẹ́ náà lọ sí ìlú mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé iṣẹ́ kan ní Billbrook, àdúgbò ilé iṣẹ́ tí odò Bille ń ṣàn gbà ní ìlà-oòrùn Hamburg. Ẹnì kan ń wọn ọ̀pá irin. Ìwọ̀n rẹ̀ kò lè pé pérépéré, nítorí náà ó kọ [19.8, 20.1], ìyẹn ni pé gígùn ọ̀pá náà kò dín sí 19.8 sẹ̀ǹtímítà, kò sì ju 20.1 lọ. Bí ó bá so ó mọ́ ọ̀pá mìíràn tí ó jẹ́ [4.9, 5.1], àpapọ̀ wọn jẹ́ [24.7, 25.2]. Òfin kan ṣoṣo ló ń darí gbogbo ìṣirò yìí: òtítọ́ kò gbọdọ̀ bọ́ síta. Àlàfo lè fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín.

Wàyí o, kí ẹlòmíràn fi ìwọ̀n mìíràn wọn ọ̀pá kan náà, kí ó sì kọ [20.3, 20.6]. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá jẹ́ òtítọ́, gígùn ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ wà nínú àlàfo méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni kí a wá. Wọn kò pàdé níbì kankan. Ohun tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ni àlàfo òfìfo, àlàfo tí kò ní nọ́ńbà kankan nínú. Òfìfo yìí kì í ṣe àìmọ̀. Ìmọ̀ tí ó lágbára gan-an ni: ó jẹ́rìí pé ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀n méjèèjì ti bàjẹ́, tàbí pé ọ̀pá méjì ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ẹyọ kan.

Síbẹ̀ àwọn ìwé àkọ́kọ́ kò fún un ní ipò. Nínú ìwé Moore, àti nínú èyí tí Götz Alefeld àti Jürgen Herzberger kọ ní èdè Jámánì ní 1974, àlàfo gbọ́dọ̀ ní nǹkan nínú, ó gbọ́dọ̀ ní ààlà méjèèjì, a kò sì gbọdọ̀ fi àlàfo tí òdo wà nínú rẹ̀ pín ohunkóhun. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbéèrè náà kí wọ́n má bàa dáhùn rẹ̀. Kahan ti gbìyànjú láti ṣí i ní 1968, nígbà tí ó dábàá àwọn àlàfo tí ó gba àìlópin kọjá, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ń tẹ̀ lé ọ̀nà tirẹ̀.

Hamburg: kí olùlò yàn

Siegfried M. Rump gba oyè dókítà ní Karlsruhe ní 1980, lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní 1978 ní Harburg, apá Hamburg tí ó wà ní gúúsù odò Elbe. Orúkọ ẹ̀ka tí ó darí níbẹ̀ sọ ohun tí ó ń wá: Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣirò tí ó Ṣeé Gbẹ́kẹ̀lé. Ní 1988 ó gbé àpẹẹrẹ kan jáde tí àwọn olùkọ́ ṣì ń lò. Ìṣirò kan ni, tí kò ní ju ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti ìpín lọ, lórí nọ́ńbà méjì péré, 77617 àti 33096. Ó fi kọ̀ǹpútà IBM S/370 ṣe é ní ìpele ìpéye mẹ́ta, ọ̀kan ju èkejì lọ. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.172603. Ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé ìdáhùn náà dájú. Ìdáhùn tòótọ́ ni −0.827396…, àmì tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an kò bá ti ẹ̀rọ mu. Pé ìpele mẹ́ta fẹnu kò kò sọ irọ́ di òtítọ́.

Nítorí irú ewu yìí ni Rump ṣe kọ INTLAB, àkójọ irinṣẹ́ fún ìṣirò alálàfo nínú ètò MATLAB, tí ó ṣàpèjúwe nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1999. INTLAB tàn kálẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ìṣirò nítorí pé ó yára, ó sì rọrùn láti lò. Ọ̀nà tí ó gbà bójú tó òfìfo àti ohun aláìnítumọ̀ yẹ fún àkíyèsí. Bí àlàfo méjì kò bá pàdé, INTLAB fi NaN sí ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá gbòǹgbò ìlọ́po-méjì àlàfo tí apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ òdo, níbi tí kò sí nọ́ńbà gidi tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kí ó di nọ́ńbà òdì, INTLAB jẹ́ kí olùlò ti pinnu tẹ́lẹ̀: ó lè bọ́ sí ayé àwọn nọ́ńbà alápá-méjì, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tàbí láìsí ìkìlọ̀, ó lè dá NaN padà, ó sì lè fojú fo apá tí kò ní ìtumọ̀, kí ó sì ṣírò èyí tí ó kù.

Ìdáhùn Hamburg sí ìbéèrè "ta ni kí a sọ fún" nìyí: olùlò ni, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun méjì ń bẹ nínú rẹ̀ tí kò tí ì yanjú. Lákọ̀ọ́kọ́, àmì kan náà, NaN, ń dúró fún "kò sí" àti fún "kì í ṣe". Lẹ́ẹ̀kejì, yíyàn tí olùlò ṣe kò bá àbájáde rìn. Bí ẹlòmíràn bá gba àlàfo náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, kò ní í mọ̀ bóyá apá kan ìbéèrè ni wọ́n ti fojú fò.

Ìlànà 1788

Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, níbi àpérò kan ní Dagstuhl ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì, àwọn onímọ̀ ìṣirò alálàfo gbà pé àkókò tó láti ní ìlànà kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ tí IEEE fọwọ́ sí lọ́dún náà, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 1788, ní R. Baker Kearfott láti Louisiana lára àwọn aṣáájú rẹ̀. John Pryce láti Cardiff jẹ́ olóòtú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, Nathalie Revol láti Lyon sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ọdún méje ni wọ́n fi jiyàn tí wọ́n sì fi dìbò lórí àbá kan lẹ́yìn èkejì.

Ìjà tí ó le jù ni ti ohun tí àlàfo jẹ́. Fún àwọn kan, àkójọ nọ́ńbà ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àkójọ tí kò ní nǹkan nínú gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Fún àwọn mìíràn, tí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà tí Edgar Kaucher là ní Karlsruhe, bátànì ààlà méjì ni; [2, 1] ní ìtumọ̀ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òdìkejì [1, 2], àlàfo òfìfo kò sì ní àyè. Ìgbìmọ̀ náà kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Ó gbà pé ìlànà náà lè ní ẹ̀yà púpọ̀ tí gbogbo wọn fẹnu kò lórí àwọn àlàfo lásán, àwọn tí ó ní ààlà méjèèjì tí wọn kì í sì í ṣe òfìfo. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan ṣoṣo, èyí tí ó gbà pé àkójọ ni àlàfo, ni ó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2015.

Nínú ẹ̀yà yìí, òfìfo di ọmọ ilé. Ìṣirò yòówù tí òfìfo bá wọ̀ di òfìfo. Bí a bá fi àlàfo tí kò ní ju òdo lọ pín [1, 2], òfìfo ni ìdáhùn, nítorí pé kò sí nọ́ńbà kan tí ó lè jẹ́ ẹ. Bí a bá fi [0, 1] pín in, ó di [1, ∞]. Bí a bá fi [−1, 1] pín in, ó di àlàfo tí gbogbo nọ́ńbà gidi wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìlànà náà kò lè ya apá méjì tí ó ṣẹ́kù sọ́tọ̀ nínú àlàfo kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni "kò sí" àti "ó lè jẹ́ èyíkéyìí" ṣe ní àmì tiwọn, tí kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀kan pe èkejì.

Ohun kan nínú ìlànà náà máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ààlà ìsàlẹ̀ àlàfo òfìfo jẹ́ +∞, ààlà òkè rẹ̀ sì jẹ́ −∞. Ó dà bí àṣìṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣìṣe. Bí a bá fẹ́ àlàfo tí ó kó méjì pọ̀, ààlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni èyí tí ó kéré nínú ààlà ìsàlẹ̀ méjèèjì. Kí òfìfo má bàa yí ohunkóhun padà nígbà tí a bá kó o mọ́ [3, 5], ààlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ju nọ́ńbà yòówù lọ, kí 3 lè borí rẹ̀. Ní ìdà kejì, bí ẹnì kan bá béèrè àárín gbùngbùn òfìfo, NaN ni ìdáhùn. Ibi tí kò sí nǹkan lè ní ààlà tí ó wúlò fún ìṣirò, kò lè ní àárín.

Ọ̀ṣọ́ tí ó jọ ilà ojú

Síbẹ̀, òfìfo nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí a wo ìbéèrè kan tí ó dà bí eré. A ní fọ́ńkíṣọ̀n kan: kí a wá gbòǹgbò ìlọ́po-méjì nọ́ńbà, kí a sì yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. Ṣé nọ́ńbà kan wà tí fọ́ńkíṣọ̀n yìí kì í ṣí nípò, tí ó wọlé tí ó sì jáde bákan náà? Àbá Brouwer, tí gbogbo onímọ̀ ìṣirò mọ̀, sọ pé bí fọ́ńkíṣọ̀n tí kò já níbì kankan bá gba gbogbo àlàfo tí ó ní ààlà méjèèjì, tí gbogbo ohun tí ó dá padà sì wà nínú àlàfo náà, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà gba [−4, 1]. Ó fojú fo apá tí ó wà lábẹ́ òdo, gbòǹgbò apá tí ó kù jẹ́ [0, 1], nígbà tí ó sì yọ 1 kúrò ó di [−1, 0]. [−1, 0] wà nínú [−4, 1]. Ẹ̀rọ náà lè kéde pé ẹ̀rí ti parí: nọ́ńbà náà wà. Irọ́ ni. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ṣe é yóò rí i pé kò sí nọ́ńbà gidi kankan tí ó bá a mu. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni apá tí wọ́n fojú fò, níbi tí fọ́ńkíṣọ̀n náà kò ní ìtumọ̀, tí kò sì fi àmì kankan sílẹ̀ lára ìdáhùn.

Ìdí nìyí tí ìlànà 1788 fi so ohun tí ó pè ní ọ̀ṣọ́ mọ́ àlàfo kọ̀ọ̀kan. Orúkọ náà lè ṣini lọ́nà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ilà ojú ju ti ìlẹ̀kẹ̀ lọ: kò wà fún ẹwà, ó wà kí a lè mọ ibi tí ẹni náà ti wá. Ọ̀ṣọ́ márùn-ún ló wà. Èyí tí ó ga jù, com, ń sọ pé gbogbo ìṣirò tí ó bí àlàfo yìí ní ìtumọ̀, wọn kò já, ààlà wọn kò sì kọjá ibi tí nọ́ńbà mọ. Dac ń sọ pé wọ́n ní ìtumọ̀, wọn kò sì já. Def ń sọ pé wọ́n ní ìtumọ̀, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Trv kò ṣe ìlérí kankan. Èyí tí ó kéré jù, ill, ń sọ pé ohun tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe àlàfo rárá. NaI ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ̀rọ kọ àlàfo tí ààlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2 tí ti òkè sì jẹ́ 1, NaI ni yóò rí gbà. Nígbà tí ìṣirò bá ń lọ, ọ̀ṣọ́ lè rẹlẹ̀, kò lè ga padà. Nínú àpẹẹrẹ tí a ti wò, [−1, 0] yóò jáde pẹ̀lú trv lára rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lo àbá Brouwer mọ̀ pé òun kò ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí pé àbá náà ń béèrè dac, ó kéré tán.

Ìyàtọ̀ láàárín òfìfo àti NaI hàn kedere nínú ìfiwéra. Bí a bá béèrè bóyá òfìfo dọ́gba pẹ̀lú òfìfo, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn, nítorí pé àkójọ kan ṣoṣo ni wọ́n. Bí a bá béèrè bóyá NaI dọ́gba pẹ̀lú NaI, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Bí a bá béèrè bóyá NaI jẹ́ òfìfo, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà ni. "Kò sí" kì í ṣe "kì í ṣe".

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti eré. Warwick Tucker fi ìṣirò alálàfo jẹ́rìí ní 1999 pé ohun tí Edward Lorenz rí lórí kọ̀ǹpútà ní 1963, ìrìn tí kì í tún ara rẹ̀ ṣe, wà lóòótọ́. Thomas Hales lo irú ìṣirò yìí nínú ẹ̀rí tí ó kéde ní 1998 pé kò sí ọ̀nà tí a lè gbà to bọ́ọ̀lù tí ó fún pọ̀ ju bí àwọn aláte ṣe ń to ọsàn lọ. Nínú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ a máa yẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlàfo wò, nígbàkígbà tí òfìfo bá sì jáde, wọn a pa ibẹ̀ rẹ́ nínú àwọn ibi tí ó kù láti wá. Bí òfìfo kan ṣoṣo bá jẹ́ àṣìṣe ìkọ̀wé tí ó wọ aṣọ ẹ̀rí, gbogbo àbá náà ti wó.

Ẹni tí a sọ fún

Bí a bá to ìtàn yìí jọ, ìdáhùn mẹ́rin ni ó ti wá sí ìbéèrè kan náà. Zuse sọ fún ènìyàn tí ó dúró ti ẹ̀rọ. Ìlànà 754 sọ fún ìṣirò tí ó kàn. INTLAB béèrè lọ́wọ́ olùlò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà 1788 sọ fún ẹni tí yóò gba àbájáde náà, nígbàkígbà tí ó bá gbà á, nítorí pé ẹ̀rí ìrìn àjò náà wà lára rẹ̀. Owó tí a san fún èyí kò kéré: gbogbo àlàfo di ẹlẹ́rù, iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ sí i, ìwé ìlànà náà sì gùn débi pé IEEE fọwọ́ sí èyí tí ó rọrùn ní 2017 pẹ̀lú nọ́ńbà 1788.1. Wọ́n gé ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Wọn kò gé òfìfo, wọn kò sì gé ọ̀ṣọ́.

Ìtàn náà kan àwọn tí ń fi Yorùbá kọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "àìsí", túmọ̀ gbogbo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní empty, undefined àti invalid, kí ìwé má bàa gùn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò dá akẹ́kọ̀ọ́ padà sí ibi tí ẹ̀rọ wà kí àwọn ènìyàn tó ṣe wàhálà fún ohun tí ó lé ní 70 ọdún. Èdè náà ti ní "kò sí", ó ti ní "kì í ṣe", ó ti ní "ó lè jẹ́ èyíkéyìí". Iṣẹ́ tí ó kù fún olùtumọ̀ ni kí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀.